Ìgò Tí Kò Ní Òórùn

"Ta ló sọ fún yín pé ọrá ni?"

Dókítà ò tíì gbọ́wọ́ kúrò lára ọmú òsì Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ nígbà tó béèrè bẹ́ẹ̀. Obìnrin ni dókítà náà, ó sì kéré lọ́jọ́ orí sí ẹni tó ń tọ́jú. Ó ń fi orí ìka mẹ́ta tẹ ẹran ara náà yí po díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já sínú aṣọ.

"Àbúrò mi ni," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ dáhùn láti orí ibùsùn. "Nọ́ọ̀sì ni, níbí gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló bá mi gba èsì àyẹ̀wò. Ó ní ọrá lásán ni."

"Nígbà wo nìyẹn?"

"Ó ti di oṣù méje."

Dókítà ní kó gbé apá sókè. Ó tẹ abẹ́ abíyá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló ní kó dìde, kó wọṣọ, òun náà sì lọ jókòó sídìí tábìlì, ó ń ṣí fáìlì rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Mo rí ibi tí dókítà tó wà níbí tẹ́lẹ̀ kọ ọ́ sí pé òun gba ẹran ara níbẹ̀. Mi ò rí èsì kankan."

"Bóyá ó wà lọ́wọ́ àbúrò mi."

"Ẹ gbọ́, Màmá. Ohun mẹ́ta la fi ń mọ ohun tó wà nínú kókó ọmú: ọwọ́, àwòrán, àti ẹran ara tí wọ́n gbà níbẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa. Ọwọ́ nìkan lè tan èèyàn jẹ. Mi ò lè fi ohun tí àbúrò yín fẹnu sọ ṣiṣẹ́, ìwé ni mo fẹ́ rí. Ẹ lọ ya àwòrán lónìí, kẹ́ ẹ yà níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá èsì yẹn. Bí wọ́n rí i, bí wọn ò rí i, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣé ó burú ni?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn: èmi ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò sì mọ̀."

Ẹ má rò pé aláìbìkítà lobìnrin yìí o. Aránṣọ ni, aránṣọ tó mọṣẹ́ débi pé gbogbo àdúgbò ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó náà nígbà tó ń wẹ̀, kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù ọmọdé lọ. Kò fi í pamọ́, kò sì ní kóun máa wò ó níran. Ọjọ́ kejì ló pe àbúrò rẹ̀.

Àbúrò kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Òun ló tọ́ ọ dàgbà, nítorí bàbá wọn tètè kú, ìyá wọn sì ń bá òwò kiri. Òun ló rán aṣọ funfun tí ọmọ náà kọ́kọ́ wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u kí ọrùn rẹ̀ tó jókòó bó ṣe fẹ́. Láti ọjọ́ tó ti gboyè, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pè é. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni, Nọ́ọ̀sì. Bí ara ọmọ bá gbóná, Nọ́ọ̀sì. Ta ló ní èèyàn nílé ìwòsàn tí yóò tún máa bẹ̀rù?

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ẹran ara náà, obìnrin méjì ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá. Nọ́ọ̀sì yọrí síta, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀," ó sì fà á kọjá níwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tó fi ìborùn pupa borí, pòṣé ṣàrà. Ojú ti Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Nọ́ọ̀sì náà ló bá a kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, nọ́ńbà tirẹ̀ ló sì kọ síbi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà aláìsàn sí. "Kí wọ́n má baà máa dà yín láàmú," ló wí. Abẹ́rẹ́ ńlá náà dún pà! lẹ́ẹ̀mẹta, dókítà ìgbà náà sì ju àwọn fọ́nrán ẹran tín-ín-rín bí òwú sínú ìgò kékeré tí Nọ́ọ̀sì gbé dání sẹ́bàá orí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Nọ́ọ̀sì wọ ṣọ́ọ̀bù wá tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọrá lásán ni o! Ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó jó yí tábìlì ìgéṣọ po, ó sì dì mọ́ àbúrò rẹ̀ títí àwọn pínnì tó há sí àyà ẹ̀wù fi gún àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì náà jó.

Ọ̀rọ̀ búláòsì ló tún gbé e dìde. Ó gé búláòsì kan fún ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ̀n tó kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún tó lọ ló fi gé e. Nígbà tó wọ̀ ọ́, apá ọ̀tún jókòó, apá òsì fà. Ó tú u, ó tún un rán, ó ṣì fà. Ó bú ẹ̀rọ, ó bú òwú, ó tún bú ẹni tó ta aṣọ. Ìgbà tó fa téèpù yí àyà ara rẹ̀ ká ló tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Kókó náà ti tó bọ́tìnì kóòtù. Ó pe Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọrá náà máa ń tóbi. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná." Bó ṣe sọ ọ́ wàràwàrà yẹn ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá mú Ọjọ́bọ̀ tí Nọ́ọ̀sì kì í wá síṣẹ́, ó dá lọ, kí ọmọ náà má baà rò pé òun ò fọkàn tán an. Ẹ wo ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tí yóò bínú!

Obìnrin tó ya àwòrán fún un ń sọ̀rọ̀ ṣáá nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ń bi í léèrè iye ọmọ tó bí. Nígbà tó gbé ẹ̀rọ dé orí kókó náà, ibì kan náà ló ń yà léraléra.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò, ọkùnrin àgbàlagbà kan ló jókòó sídìí fèrèsé. Ó gba káàdì rẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ń fi ìka tọ ìlà lọ sísàlẹ̀.

"Oṣù méje sẹ́yìn. Ẹ̀n-ẹ́n. Mẹ́ta ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ yẹn. Méjì ṣeé kà, a kà wọ́n, wọ́n ti gba èsì wọn." Ìka rẹ̀ dúró. "Tiyín rèé. A ò kà á."

"Ẹ ò kà á báwo?"

"Kò ṣeé kà ni, Màmá. Omi iyọ̀ ni wọ́n kó o sí." Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò yé e, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bí wọ́n bá gba ẹran ara èèyàn, omi kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ rì í sí kó má baà jẹrà. Fọ́málììnì là ń pè é. Ó máa ń ta sí imú, ó máa ń ta sójú, kò sẹ́ni tó lè ṣì í mọ̀. Tiyín, omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ egbò ni wọ́n fi sí i, ọjọ́ kẹta ló sì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti rà."

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ rántí ìgò náà, bó ṣe wà sẹ́bàá orí rẹ̀. Kò gbóòórùn kankan.

"Kí lẹ wá ṣe, bàbá?"

"A kọ̀wé pé kí wọ́n tètè gba òmíràn. A pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ọ̀sì kan ló gbé e, òun náà ló wá gbàwé. Ó fọwọ́ sí i níbí, ẹ wò ó."

Ó yí ìwé náà sí i. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ò nílò kẹ́nikẹ́ni ka orúkọ náà fún un. Òun ló di ọmọ náà lọ́wọ́ mú nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ìrù gígùn tó máa ń fà sídìí lẹ́tà tó kẹ́yìn wà níbẹ̀ rekete.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, ó gba káàdì rẹ̀, ó sì rìn gba ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe èyí tó gbà wọlé. Nígbà tó dé ojú títì ló tó rí i pé òun ò tíì de bọ́tìnì búláòsì òun tán.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló sọ fún Nọ́ọ̀sì lórí fóònù: "Mo ti rí ìwé náà." Kí oòrùn tó wọ̀, Nọ́ọ̀sì dé, ó sì mú ìyá wọn lẹ́yìn, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màmá ń gbé. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló wà nínú ìwé tí o gbà?" ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú…"

"Mo ní kí ló wà nínú ìwé!"

"Wọ́n ní… wọ́n ní kí n tún mú òmíràn wá."

"O sì wá bá mi jó."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. "Wọn ò tíì kó ìgò tuntun tó ní fọ́málììnì jáde nígbà tí mo fà yín wọlé. Ìgbà tó fi máa kan àwọn tó wà níta, ìgò ti dé. Mo ń kánjú kí wọ́n lè tètè dá yín lóhùn ni. Mo bu omi tó wà lórí tábìlì, mo rò pé òun náà ni. Ìgbà tí wọ́n wá pè mí, wọ́n ti fún mi níwèé ìkìlọ̀ kan tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù kí wọ́n pè wá fún ìgbéga. Dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó jọ ọrá lọ́wọ́ òun. Mo ní ẹ jẹ́ kí ìgbéga yìí kọjá, màá wá nǹkan sọ kẹ́ ẹ padà wá. Dókítà wá lọ sílé ìwòsàn míì. Bí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi á wúwo."

"Ẹnu rẹ wúwo fún oṣù méje."

"Ó tó, ó tó," ni màmá wọn dá sí i. "Ọmọ ìyá kan náà ni yín. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ̀rù ló bà á. Kì í ṣe pé a ò bá a wí. Èmi fúnra mi, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sọ fún un pé kó wá jẹ́wọ́ fún ẹ…"

Màmá gbé ẹnu dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ rọra gbé sísọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá. Ẹ mọ̀?"

Ní gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, ọjọ́ Ìsinmi kan ò kọjá kí màmá má wá jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí wọ́n máa bá a tú òwú, kí wọ́n máa wò ó lójú, kí wọ́n ní, "O ń sanra, àkọ́bí mi, ara rẹ ń dán." Háà! Èyí tó dùn ún jù nìyẹn. Ti Nọ́ọ̀sì bí i nínú. Ti màmá ṣe é bíi pé wọ́n yọ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo ń gbàdúrà sí i," ni màmá sọ lóhùn kékeré. "Ojoojúmọ́ ni mo ń gbàdúrà sí i. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Bí dókítà bá bi ẹ́ lọ́jọ́ Ajé, sọ fún un pé ìwọ lo ò padà lọ gba èsì. Ìwọ, ọ̀gá ara rẹ ni ẹ́, kò sẹ́ni tó lè lé ẹ níṣẹ́. Tiẹ̀ ló wà nínú ewu."

"Tiẹ̀ ló wà nínú ewu," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ tún sọ. Ó gbé ọwọ́ lé àyà òsì. "Màmá, èyí tó wà níbí yìí ńkọ́? Inú kí lòun wà?"

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ láti di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ẹ̀gbọ́n fà á kúrò. Ó lọ ṣílẹ̀kùn, ó dúró tì í.

"Ẹ máa lọ sílé. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ ò tíì lù tó ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì yọrí síta nínú aṣọ funfun àti bẹ́líìtì tuntun tí wọ́n fi ń dá àwọn ọ̀gá mọ̀. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ náà ló rán aṣọ yẹn, nígbà tí ìgbéga dé. Ó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ sí etí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

"Nọ́ńbà kẹsàn-án ni mo mú. Ìkẹrin ni wọ́n ṣì wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

"Mo ní ìkẹrin ni wọ́n ṣì wà."

Obìnrin kan tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìborùn pupa ló fi borí, kò sì sí irun lábẹ́ rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ré wa kọjá lọ́jọ́sí? Mo pòṣé sí yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ forí jì mí o."

"Ẹ jàre mi," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Tiyín ńkọ́?"

"Wọ́n tètè rí i ni. Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ kò tíì rìn jìnnà. Wọ́n ti gé e kúrò, mo ti gba oògùn tó kẹ́yìn. Mo kàn wá fara hàn ni." Obìnrin náà yí ojú sí i. "Tiyín ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti léèyàn nínú ilé!"

"Wọn ò tíì rí tèmi."

Nígbà tó kàn án, dókítà ti gbé àwòrán sójú iná. Ó fi kálámù tọ́ka sí dúdú kan níbẹ̀. "Kókó tó jẹ́ ọrá tàbí omi, etí rẹ̀ sábà máa ń dán. Ti èyí rí jákujàku." Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wò ó. Ó mọ etí aṣọ tí wọ́n dì àti èyí tí wọn ò dì. "Mi ò fẹ́ràn bó ṣe rí," ni dókítà ń bá a lọ, "ṣùgbọ́n àwòrán nìkan ò lè dájọ́. Ṣé ẹ rí èsì àkọ́kọ́?"

Nọ́ọ̀sì ń to àwọn irinṣẹ́ sórí àwo lápá kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kò sí èsì, Dókítà," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹran ara yẹn bàjẹ́ kí wọ́n tó kà á. Bó ṣe bàjẹ́, kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Sọ ọ́. Ibi tí o bá fò, màá bá ẹ sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ìgbà tó ṣì kéré, tó bá fọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, omi iyọ̀, ìwé tó fọwọ́ sí, ijó. Dókítà ò pariwo. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ní ọ̀rọ̀ náà máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. "Lọ pe nọ́ọ̀sì mìíràn wá," ló sọ fún un.

"Rárá," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró. Òun náà ni kó gbé ìgò yẹn dání. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé e fún mi."

"Ó máa ta yín lójú o, Màmá."

"Kó ta á."

Ó ṣí ìdérí ìgò náà, ó gbé e sún mọ́ imú. Òórùn náà gbá a lójú, ó wọ inú orí rẹ̀ lọ, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ẹnu ìlẹ̀kùn ni Nọ́ọ̀sì ti sáré wá, ó na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀, òun náà ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún."

"Mi ò sunkún," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wí. Ó dé ìgò náà padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ohun tó wà nínú ìgò yìí ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe yẹ kó ṣe mí ní oṣù méje sẹ́yìn nìyẹn."

Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ náà dún pà! lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dùn ún, kò mira. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìgò títí wọ́n fi dé e. Nígbà tí wọ́n di ojú egbò fún un tán, ó wọṣọ, ó na ọwọ́, ó sì gba ìgò náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Dókítà ní òṣìṣẹ́ kan wà tó máa ń gbé wọn lọ. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ní òun mọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Dúró sídìí iṣẹ́ rẹ. Àwọn èèyàn wà lórí bẹ́ǹṣì."

Bàbá àgbàlagbà yẹn náà ló wà ní fèrèsé. Ó gba ìgò, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní èyí ṣeé kà. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì yóò jáde, ó sì fa ìwé sún mọ́ra.

"Nọ́ńbà ta ni ká kọ?"

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ pe nọ́ńbà tirẹ̀ fún un, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kò kúrò lójú fèrèsé náà. Ó ní kí bàbá kà á padà sí òun létí, nígbà tó sì kà á tán, ó ní kó tún un kà.